Láámà Tí Kò Ní Egungun

Ilé wa ní Talabre, òkúta ni wọ́n fi mọ ọ́n,
òrùlé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ.
Ibẹ̀ ni bàbá mi àgbà, Filemón, máa ń jókòó sí ní oṣù kẹfà,
nígbà tí òtútù bá ń gé ènìyàn létí jẹ.
Yóò da aṣọ onírun méjì bora,
yóò kọjú sókè bí ẹni tó ń retí òjò.
Aginjù Atakámà kò mọ òjò.
Ojú bàbá náà kò mọ ìmọ́lẹ̀ mọ́:
ọdún mọ́kàndínlógún ló fi wa imí-ọjọ́ lórí òkè,
èéfín sì gba owó orí lára ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì.

"Yanira, àlọ́ o."
"Ààlọ̀."
"Ó ń bá oṣù rìn, wọ́n ní ajá rẹ̀ ni,
kò gbó rí, kò sì họ egungun jẹ rí.
Kí ọmọdé tó jẹun alẹ́ tán, ó ti wọlé sùn."
Mo wo ìwọ̀-oòrùn. Ó wà níbẹ̀, funfun báláú,
lókè ejìká àwọn òkè iyọ̀.
"Àgùàlà ni!"
"Ṣé ìràwọ̀ ni?"
"Rárá, ayé mìíràn ni, ó kàn gbóná ju àdògán lọ."
Tíṣà Mondaca ló kọ́ mi.
Bàbá rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní àgbàdo yíyan, ẹyọ kan.

"Pupa ni, ẹyinná tí kò jó koríko."
Mo ní Máàsì. Ó ní kí n má kánjú,
kí n tún un wò: ṣé ó ń ṣẹ́jú?
Ó ń ṣẹ́jú, bí ẹni tí ata ta sí lójú.
"Máàsì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Arúgbó ìràwọ̀ nìyẹn,
àyà àkekèé ló ń gbé."
Mo dá àgbàdo rẹ̀ padà.

Èyí tó tẹ̀ lé e ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí:
"Láámà kan ń bẹ tí kò nírun, tí kò ní egungun,
ojú méjì péré ló ní, ó sì ń fọ́mọ lọ́mú."
Mo ka ìràwọ̀ títí ọrùn fi ń ro mí,
mo fa ìlà láti ọ̀kan dé ìkejì, kò di ẹran.
"Ta ló ní kí o wo ìràwọ̀?
Wo ibi tí kò sí ìràwọ̀."
Mo wá dẹ́kun wíwo iná.
Nínú odò funfun tó la ojú ọ̀run já,
òkùnkùn kan na ọrùn gbọọrọ,
ẹ̀yìn rẹ̀ rèé, itan rẹ̀ rèé, ọmọ rọ̀ mọ́ abẹ́ ikùn rẹ̀,
ìràwọ̀ méjì tó mọ́lẹ̀ kedere sì ni ojú rẹ̀.
Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ajá aládùúgbò fi dáhùn.
Mo ní Tíṣà ti sọ pé eruku ni, eruku tó dínà mọ́ ìmọ́lẹ̀.
Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni, eruku ni,
ó sì ń fọ́mọ lọ́mú.

A ti fẹ́ sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n tó yọ:
iná bí ogún, wọ́n tò tẹ̀ léra, wọn kò dún.
N kò rí irú rẹ̀ rí.
"Bàbá, èmi ni mo ni àlọ́ báyìí.
Wọ́n pọ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń tọ̀,
ti iwájú kò wẹ̀yìn, ti ẹ̀yìn kò sáré."
Ó béèrè bóyá wọ́n ń ṣẹ́jú. Mo ní rárá.
Ó béèrè bóyá agogo wà lọ́rùn wọn,
torí ó ti bá baba rẹ̀ da ọ̀wọ́ láámà rí,
iyọ̀ lẹ́yìn wọn, títí kọjá ààlà Ajẹntínà.
"Ta ló ń dà wọ́n?"
Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn.
"N kò rí darandaran kankan."
Ó dákẹ́. Tíì ewé kókà tutù mọ́ ọn lọ́wọ́.
Ó wá wá ọwọ́ mi kiri nínú òkùnkùn,
ó fi àgbàdo náà sí i, ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́.
Ó ṣì kọjú sókè.
Àwọn iná náà ti ń wọ òjìji ayé lọ́kọ̀ọ̀kan,
n kò sọ fún un pé wọ́n ti tán.